Ibi Tí Mo Ní Ilẹ̀ Ti Le

Nígbà tí eegun ara mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, tí mo lè dúró lórí ọkọ̀ láti ìdájí títí oòrùn fi wọ̀, tí ẹsẹ̀ mi ò ní gbọ̀n… ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Jọkẹ́, ṣé ẹ̀rọ yẹn ń gbọ́ mi? Ó ń gbọ́? Ó dáa. Gbé e sún mọ́ mi, torí mi ò ní pariwo. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ariwo. Sọ fún àwọn àbúrò rẹ kí wọ́n jókòó, kí wọ́n yéé rún àgbọn yẹn sí mi létí.

Ẹ ní kí n sọ ìtàn afárá. Ṣebí ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí? Bí ogun Hítílà ṣe dé, bí wọ́n ṣe fọ́ afárá, bí wọ́n ṣe tún un kọ́, bí mo ṣe ń ti ọkọ̀, tí mo sì rẹwà. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn. Mo rẹwà, ẹ má wojú ara yín. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí mo máa ń fò nínú ìtàn náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fò ó. Bàbá bàbá yín kú, kò gbọ́ ọ. Lónìí, mi ò ní fò ó mọ́.

Ẹ gbọ́. Títì ńlá kan wà tí ìjọba òyìnbó là, ó jáde láti Àgbádárìgì, ó gba Ajara kọjá, ó ń lọ sókè. Odò wa ló dá títì náà sí méjì, afárá pákó ló sì wà lórí odò náà. Lọ́rì ń gba orí rẹ̀. Àgbọn gbígbẹ, ẹja, gàrí Ikoga, gbogbo ẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀yin ń gba títì márosẹ̀ lọ sí Èkó lónìí, ẹ tún ń ráhùn pé ó pẹ́. Nígbà yẹn, afárá yẹn nìkan la ní.

Nígbà tí ogun wá le, wọ́n ní àwọn Faransé tó wà ní Àjàṣẹ́ ti gbà fún Hítílà. Wọ́n ní wọ́n lè gba Sẹ̀mẹ̀ wá kò wá lójú. Àjàṣẹ́ o! Níbi tí wọ́n ti bí ìyá mi, níbi tí àwọn àbúrò ìyá mi ti ń ta aṣọ. Ṣé àwọn ló máa wá bá wa jà? Àwọn sójà ò béèrè lọ́wọ́ wa. Wọ́n dé pẹ̀lú ẹ̀tù, wọ́n ní ká kó ọmọ wọlé. A gbọ́ ọ, gbàù! Ìgbà tá a máa jáde, afárá ti di igi ìdáná tó ń léfòó lórí omi. Faransé kankan ò sì wá títí ogun fi parí.

Látìgbà náà, ọkọ̀ la fi ń sọdá. Bàbá mi ló ń kó èèyàn sọdá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún máa ń wú, ó wú títí kò lè dìde dúró lórí ọkọ̀ mọ́, ni mo bá gba ọ̀pá lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan ń kùn. Wọ́n ní obìnrin ló máa wá gbé àwọn sọdá? Mo ní kí wọ́n fò, bí wọ́n bá ní ìyẹ́. Wọ́n wọ ọkọ̀ mi. Kí ni wọn ì bá ṣe?

Bàbá mi ló kọ́ mi ní ọ̀pá. Ó jókòó sí ìdí ọkọ̀, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó ń bá mi wí. Ó ní, “Sẹ̀nádé, má wo omi. Ọwọ́ rẹ ni kó sọ fún ọ.” Ó ní níbi tí iyanrìn bá wà, ọ̀pá á ta mí lọ́wọ́, apá mi á gbọ̀n díẹ̀. Níbi tí ẹrẹ̀ bá wà, ẹrẹ̀ á gbé ọ̀pá mì, yíyọ ọ́ á wá di wàhálà. Ó ní ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta wà. Ìkarahun ìṣáwùrú. Ó máa ń kó jọ sórí ẹrẹ̀, ọdún lé ọdún, á sì le. Tí o bá ti ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan, á dúró, wàá rò pé ilẹ̀ ni. Tí o bá tì í lẹ́ẹ̀kejì, á dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀pá á wọlé ṣọ́ọ́, ìwọ náà á sì tẹ̀lé e bọ́ sómi bí o ò bá ṣọ́ra. Mo bọ́ sómi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó mọ ilẹ̀ odò yẹn tó mi. Bàbá mi nìkan.

Ó dáa. Akaja ńkọ́? Ṣé ẹ mọ akaja? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹja tó dì gbagidi nínú yìnyín lẹ mọ̀. Akaja, a máa ń gé ẹ̀ka igi púpọ̀, a ó gún un mọ́ ilẹ̀ odò, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, yóò dà bí igbó kékeré nínú omi. Ẹja á wọ ibẹ̀, á máa jẹun, á máa bímọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Tó bá di ọjọ́ tá a fẹ́ ṣí i, a ó fi àwọ̀n yí i ká, a ó hú igi kúrò, a ó wá máa bu ẹja bí ẹni ń bu omi. Orí iyanrìn ló ti ń dúró dáadáa. Kì í dúró lórí ẹrẹ̀.

Ní abúlé wa, bí ọmọbìnrin bá fẹ́ lọ sílé ọkọ, bàbá ẹ̀ á ti gún akaja fún un ṣáájú. Ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó la máa ń ṣí i. Àwọn ará ilé ọkọ á dúró sétí omi, wọ́n á máa wo bí ẹja ṣe tó. Bí ẹja bá kéré, ọ̀rọ̀ ò ní tán nílẹ̀ títí ìyàwó yẹn fi máa darúgbó. Bàbá mi gún tèmi, òun àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wíwú yẹn. Ó ní, “Èyí ni wọ́n máa rí kí wọ́n tó rí ọ.” Lápá òkè ibi tí afárá àtijọ́ wà ló gún un sí, lórí iyanrìn tó dáa jù nínú odò náà. Ọdún mẹ́ta ló ti wà nínú omi. Ẹ̀pìyà inú rẹ̀ ti fẹ̀ tó àtẹ́lẹsẹ̀ àgbàlagbà. Setonji, bàbá bàbá yín, ti wá tọrọ mi. Ọdún yẹn la fẹ́ ṣí i.

Ọdún yẹn náà ni wọ́n wá kọ́ afárá.

Ogun ti parí. Àwọn ọmọ tó lọ Bọ́mà ti ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn kan ò padà. Òyìnbó kan wá wo odò. Ó ní wọn ò lè kọ́ ọ síbi àtijọ́ mọ́, torí ẹ̀tù ti da ilẹ̀ ibẹ̀ rú. Ó ní kí wọ́n wá ibi tó le nítòsí, ì báà jẹ́ lápá òkè, ì báà jẹ́ lápá ìsàlẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Ẹni tó fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́ ni fọ́máànù kan, ará Mọ́rógbò. Kàrímù lorúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Bàbá Kàrímù ṣe rí fún yín. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń ki pẹ́ńsù bọ inú fìlà. Kì í bú lébìrà. Kó tó kan pákó, á kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára, láti orí dé ìsàlẹ̀. Ó ti kọ́ afárá púpọ̀ ní apá Òjó àti lọ́nà oko, àmọ́ odò tí èèyàn lè fẹsẹ̀ wọ́ sọdá ni gbogbo ìyẹn. Kò mọ omi tiwa. Kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ó sì sọ ọ́ fún mi láì tijú, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wọ ọkọ̀ mi. Ó ní, “Ọmọ mi, omi yìí ju agbára mi lọ. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ohun tí o bá sọ ni mo máa gbà.”

Ohun tí mo bá sọ ló máa gbà. Ẹ gbọ́ ọ báyìí.

A kọ́kọ́ lọ sápá òkè. Ó rí igi tó yọrí lójú omi, ó ní, “Kí nìyẹn?” Mo ní akaja mi ni. Ó ní, “Ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó le?” Ó béèrè jẹ́jẹ́. Bí mo bá ní ó le, ibẹ̀ ni wọ́n máa gún òpó sí. Wọ́n á hú akaja mi ṣáájú ìgbéyàwó, lébìrà á kó ẹja lọ. Mo ro ìyẹn. Mo rí ìyá Setonji lójú ọkàn mi, tó ń yínmú létí omi. Gbogbo ẹ̀, bí ìṣẹ́jú ojú kan. Mo ní, “Kò dáa, Bàbá. Ẹrẹ̀ ni.”

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ó ní, “Ibo ló wá le?” Mo ti ọkọ̀ lọ sápá ìsàlẹ̀. Kò sí iyanrìn mìíràn tó lè gba òpó nítòsí, mo sì ní láti fi ibì kan hàn án. Mo mọ ibi tí mò ń lọ. Mo ki ọ̀pá bọlẹ̀, ọ̀pá dúró. Ìkarahun ni. Ọwọ́ mi sọ ọ́ fún mi. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Mo ní, “Ibí yìí le.” Ó ní kí n jẹ́ kóun náà gbìyànjú. Ó gba ọ̀pá, ó tì í lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró. Ó fẹ́ tún un tì. Mo gba ọ̀pá lọ́wọ́ ẹ̀ kíá, mo ní, “Ẹ rọra, Bàbá, kẹ́ ẹ má lọ ṣubú sómi.” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi.” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Ó yọ pẹ́ńsù nínú fìlà, ó sàmì sí ìwé.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀.

Ẹnì kan lè ní torí ọkọ̀ ni, pé mi ò fẹ́ kí afárá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Rárá. Ọkọ̀ ti sú mi, àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó tán. Torí ẹja ni. Torí kí wọ́n lè ní ọmọ ta nìyí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ bó ṣe kéré tó.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkùnrin láti Ikoga ló pọ̀ jù nínú lébìrà. Wọ́n so irin ńlá kan mọ́ okùn, ọkùnrin mẹ́wàá á fà á gòkè, wọ́n á jù ú sílẹ̀ lórí òpó. Gbìì! Wọ́n á tún fà á. Gbìì! Láti inú ilé la ti ń gbọ́ ọ. Bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó yí etí síbi tí ìró ti ń wá. Ó pè mí. Ó ní, “Sẹ̀nádé, ṣé kì í ṣe orí ìkarahun ni wọ́n ń gún òpó sí yẹn?” Mo ní fọ́máànù ló yàn án. Ó ní, “O sọ fún un?” Mo ní mo sọ fún un. Ó mi orí. Ó ní, “Àwọn ará òkè kì í gbọ́ràn.” Èmi náà bá a mi orí. Ẹ ò rí i bí irọ́ ṣe ń wá irọ́ bíi rẹ̀? Mo ti ba orúkọ ọkùnrin yẹn jẹ́ lójú bàbá mi kí afárá tó dìde.

Àwọn òpó wọlé, wọ́n dúró. Ọ̀kan láàárín ló wọlé ju àwọn yòókù lọ. Bàbá Kàrímù wá bá mi lébùúté. Ara ẹ̀ ò balẹ̀. Ó ní, “Ìyá Ọlọ́kọ̀, èyí àárín yìí ń rìn jù. Ṣé kò séwu?” Ìyá Ọlọ́kọ̀ ló sọ mí, ó fi ń ṣeré. Mo ní, “Kò séwu. Á tó dúró.” Ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wá dé, a ṣí akaja. Háà! Ẹ ò rí ẹja rí. Ẹ̀pìyà, ọ̀bọ̀kún, wọ́n ń fò lu ara wọn. Àwọn ará ilé Setonji ò lè pa ẹnu dé. Ìyá rẹ̀ ń jó nínú omi pẹ̀lú ìró tó tutù mọ́ ọn lára. Bàbá mi sunkún. Mo pe Bàbá Kàrímù síbi ìgbéyàwó, kí n má pè é ńkọ́? Ó wá. Ó kan àpótí ìjókòó kan wá fún mi, ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ pa á títí ó ń dán. Wọ́n bu ẹja fún un, ó jẹ ẹ́, ó ní òun ò jẹ irú ẹja yìí rí. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ṣàdúà fún mi. Ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé mi dúró. Mo kúnlẹ̀, mo ṣe àmín.

Báyìí, ohun tó ń dùn mí jù ló kàn. Akaja ti ṣí. Ẹja ti tán. Mo ti wọlé ọkọ. Kí ló tún kù tí mò ń pa mọ́? Kò sí nǹkan kan! Wọn ò tíì to pákó sórí afárá. Mo lè lọ bá a, kí n dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, kí n ní, Bàbá, mo purọ́ fún yín, ẹ hú òpó yín. Á bínú. Bóyá kò tilẹ̀ ní bínú. Ṣùgbọ́n ọkọ tuntun, ìyàwó tuntun, gbogbo ẹnu ń yìn mí… Ojú ń tì mí. Mò ń sọ lójoojúmọ́ pé tó bá dọ̀la. Wọ́n to pákó tán.

Ọjọ́ tí lọ́rì àkọ́kọ́ máa kọjá, èrò pọ̀ létí omi. Òyìnbó wá. Ọmọ iléèwé wá. Bàbá Kàrímù ní àṣà kan, ó ní ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ ló fi lé òun lọ́wọ́. Bí káfíńtà bá kọ́ afárá, abẹ́ ẹ̀ ló máa dúró sí nígbà tí ẹrù àkọ́kọ́ bá ń gorí ẹ̀ kọjá. Kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ó gbà pé iṣẹ́ òun dáa. Ní odò tiwọn, ilẹ̀ ló máa ń dúró lé. Níbí, àfi inú ọkọ̀. Ọkọ̀ ta ni? Ó ní, “Ìyá Ọlọ́kọ̀, ìwọ ni kó gbé mi lọ.”

Mo gbé e lọ. Mo ní ká dúró létí, lábẹ́ òpó àkọ́kọ́. Ó ní rárá, àárín ni. Mo ní omi àárín ń yára. Ó ní, “Àárín ni, ọmọ mi. Ibi tó wúwo jù ni wọ́n ń dúró sí.” Ó wọ aṣọ funfun. Ó di igi ọkọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, torí ẹ̀rù omi ń bà á, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí àwọn tó wà lókè. Ẹ gbọ́, mo ṣì lè sọ ọ́ níbẹ̀! Lọ́rì ò tíì gorí afárá. Wọ́n ṣì ń ṣíná ẹ́ńjìnnì ẹ̀.

Lọ́rì gorí ẹ̀, ó kó yanrìn kún inú. Ó ń bọ̀. Pákó ń dún lórí wa. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ nínú ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ mi, kẹ́nikẹ́ni tó gbọ́ ọ. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Mo fò sómi.

Mi ò kígbe pé ẹ sá. Mi ò fa ọwọ́ ẹ̀. Mo fi ọkùnrin tí ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, mo fò. Bí mo ṣe ń fò ni mo bojú wẹ̀yìn, ojú wa ṣe mẹ́rin. Afárá ò tíì wó nígbà yẹn. Ó rí i pé mo fò kó tó wó. Ẹ jẹ́ kíyẹn yé yín.

Òpó àárín rì, afárá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, imú lọ́rì dorí kodò, pákó ń já bọ́. Ẹnikẹ́ni ò kú, Mawu, Ọlọ́run wa, ló ṣe é. Dẹ́rẹ́bà fò jáde. Àwọn ọmọ Ikoga ló bẹ́ sómi, wọ́n fa Bàbá Kàrímù jáde. Igi ńlá kan ti bọ́ lu apá ọ̀tún rẹ̀. Apá tó fi ń pa pákó lára. Eegun yọ síta. Aṣọ funfun yẹn ti pọ́n.

Òyìnbó ń pariwo. Ògbufọ̀ ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní ta ló ní kí wọ́n gún òpó síbí? Ta ló ní ilẹ̀ ibí le? Bàbá Kàrímù wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n fi ìró obìnrin kan di apá rẹ̀. Mo dúró sẹ́yìn àwọn èèyàn, omi ń ro lára mi. Ó fojú wá mi, ó rí mi. Ó wò mí… Lẹ́yìn náà ó sọ fún ògbufọ̀ pé, “Èmi ni fọ́máànù. Èmi ni mo yan ibẹ̀.” Kò pè mí. Kò dárúkọ mi títí tí wọ́n fi gbé e lọ.

Ṣé ó mọ̀ ni, tó bò mí láṣìírí? Àbí ó rò pé èmi náà ṣe àṣìṣe ni? Mi ò mọ̀ títí dòní. Mo ti rò ó títí, orí mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́.

Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Apá yẹn rọ, kò lè gbé ayùn mọ́. Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwa ṣe. Ní Ajara, ní etí omi, nínú ọjà, ohunkóhun tó bá ti wọ́, wọ́n á ní ó ti ṣe Kàrímù. Ọ̀mùtí ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, wọ́n á ní, “Ẹ mú un o, ó fẹ́ ṣe Kàrímù!” Ìsọ̀ ọjà tẹ̀, ó ti ṣe Kàrímù. Àwọn ọmọdé ń fi ṣeré. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Èmi ńkọ́? Ṣé mo ní kí wọ́n dákẹ́? Ìyàwó àbúrò Setonji gbé ìkòkò kaná lọ́jọ́ kan, ìkòkò tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, “Ìkòkò yín ti ṣe Kàrímù o!” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mo sọ ọ́. Ẹnu tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí náà ni.

Òyìnbó mú àwọn mìíràn wá, àwọn pẹ̀lú irin iṣẹ́ wọn. Wọ́n wọn ilẹ̀ fúnra wọn. Ibo ni wọ́n yàn? Orí iyanrìn, níbi akaja mi. Wọ́n hú gbogbo igi tó kù níbẹ̀ kúrò láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo dúró, mo ń wò ó. Mi ò lè bínú sí ẹnikẹ́ni.

Mo lọ sí Mọ́rógbò o. Ẹ má rò pé mi ò lọ. Ṣùgbọ́n ìgbà wo? Mo ti bí ọmọ márùn-ún. Ìjọba òyìnbó ń palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́ láti lọ. Mo gbọ́ pé Bàbá Kàrímù kú, ìyẹn ló gbé mi dìde. Ìgbà tó kú! Mo bá ìyàwó ẹ̀ nílé, obìnrin sàn-án-gun, ó ń yọ ẹ̀gbọ̀n lára ewúrẹ́. Ó mú mi wọ yàrá. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Mo sunkún. Òun ò sunkún. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ó ní, “Ó ní kí àwọn ọmọkùnrin wa má kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n ṣe tó láti kọ́ ọmọ.” Lẹ́yìn náà ó ní kí n dìde. Mo ní ṣé ó ti dárí jì mí? Ó ní, “Inú yàrá lo ti ń sọ fún mi. Ṣé inú yàrá ni wọ́n ti fi ọkọ mi rẹ́rìn-ín ni? Lọ dúró lọ́jà Ajara, ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀, kí o sọ ọ́ níbẹ̀. Tí o bá sọ ọ́ tán, kí o wá béèrè ohun tí o béèrè yìí.” Ó ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó sin mí dé ìta, ó kí mi pé ó dàbọ̀, bí wọ́n ṣe ń kí àlejò.

Mo lọ. Ọjọ́ ọjà, ọjà kún. Gbogbo àwọn tó mọ̀ mí wà níbẹ̀, ìyàwó àbúrò Setonji, ìyá Setonji, àwọn ọmọ Ikoga tí wọ́n fa okùn yẹn, orí wọn ti ń funfun. Mo dúró láàárín ọjà. Mo mí sínú. Obìnrin kan gbójú sókè, ó ní, “Sẹ̀nádé, kí lo fẹ́?”

Mo ní èló ni ata.

Mo ra ata, mo lọ sílé. Mo ní ó di ọjọ́ ọjà mìíràn. Ẹ mọ iye ọjọ́ ọjà tó wà nínú ayé èèyàn? Mi ò padà lọ sí Mọ́rógbò. Nígbà tí mo gbọ́ pé obìnrin yẹn náà ti kú, ara tù mí díẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Àwọn tó ń sọ pé nǹkan ti ṣe Kàrímù ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ yẹn náà kú. Ẹ̀yin ò gbọ́ ọ rí, àbí ẹ gbọ́ ọ? Mo ń retí pé bó bá ti kú tán, ọkàn mi á fúyẹ́. Ó tún wúwo sí i ni. Kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún mọ́ tí yóò ní, “Háà! Ṣé irú èèyàn báyìí la fi ṣẹ̀sín?”

Ẹ máa ń ní kí n gbà yín níyànjú. Mo gbọ́. Bí ẹ bá ba orúkọ èèyàn jẹ́, ẹ má lọ bá a ní kọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ sì lọ nígbà tí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ṣì wà láyé. Èmi dúró títí ọjà fi tú.

Má sunkún, Jọkẹ́. Má sì sọ ohun tí o fẹ́ sọ yẹn, pé kò burú, Ìyá Àgbà, ó ti pẹ́. Ìwọ ò mọ Bàbá Kàrímù. O ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ìwọ ló yẹ kó sọ fún mi pé kò burú.